Ọjà Tí Kò Ní Àwíjàre

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, mo bi ọkùnrin kan ní ìbéèrè, mo sì gbàgbé láti fi "ṣé" ṣáájú rẹ̀. Ohun tó mú ilé ìyá mi rì nìyẹn, ìyá mi sì wà nínú ilé náà.

Ẹ̀hìnlàńwò ni orúkọ ọkùnrin náà. Nígbà yẹn, òun ló ń ta àgbá tó ń gbé ilé léfòó fún gbogbo Ugbó Tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo wá pààrọ̀ àgbá mẹ́fà tó wà lábẹ́ ilé ìyá mi. Etí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọjà tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò tíì pé ọdún kan lọ́jà wa. Àwo dúdú pẹrẹsẹ kan ni, wọ́n kàn án mọ́ òpó, iná kékeré kan wà láàrin rẹ̀. A dúró níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe pàṣẹ pé kí gbogbo olùrà àti olùtà máa dúró, ó sì ka Àwíjàre sí wa létí: "Olùtà kò jẹ̀bi ohunkóhun tó bá ti ara ọjà yìí wá, ì báà mọ̀ nípa rẹ̀, ì báà má mọ̀. Ṣé olùrà fara mọ́ ọn?"

N kò gbọ́ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Àgbá ni mo ń wò. Ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń dán ju àwọn yòókù lọ. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo wo ojú Ẹ̀hìnlàńwò, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa?"

Iná pupa tó wà láàrin Etí di àwọ̀ ewé: ó ti ka ọ̀rọ̀ mi sí ìdáhùn. Ẹ̀hìnlàńwò wo iná náà, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa," ó sì pe àwọn tí yóò gbé àgbá sínú ọkọ̀ mi.

Nígbà tó di oṣù kejì, ìgbì dé. Àgbá tó ń dán yẹn ló kọ́kọ́ là.

Ní kóòtù, ohùn mi ni wọ́n fi jẹ́rìí lòdì sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ó dáa. Ó dáa. Ó dáa. Adájọ́ ní ohùn ta nìyẹn. Mo ní ohùn mi ni, ṣùgbọ́n mo ń béèrè ni. Ó ní ibo ni ìbéèrè wà nínú rẹ̀. Mo ní ojú mi ló wà. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé ìyá mi mọ ìkòkò kí òkun tó lé wa kúrò lórí ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í rí bóyá ìkòkò rẹ̀ yóò gba omi dúró. Ẹni tó bá gbé ìkòkò wá sọ́jà ti sọ bẹ́ẹ̀ kó tó lanu. Adájọ́ ní ìyẹn ni àwọn amòfin ń pè ní àìsọ, òfin tuntun sì ti pa àìsọ rẹ́: ohun tí ẹnu kò bá sọ sí Etí, kò sí nínú ọjà. Wọ́n wá bi Ẹ̀hìnlàńwò bóyá òun gbọ́ ìbéèrè kankan.

Ó ní, "Ohun tí Etí gbọ́ lèmi náà gbọ́."

Ìwé kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Nǹkan tí mo há sórí láyé mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo há gbólóhùn yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Ó-Dáa. Àwọn obìnrin ọjà kò jẹ́ sọ "ó dáa" mọ́ tí wọ́n bá ti sún mọ́ òpó Etí. "Mo gbọ́ ná" ni wọ́n ń sọ. Tí ọmọ kan bá gbàgbé, ìyá rẹ̀ á gbá a lẹ́nu, á ní ṣé ó fẹ́ dà bí Orímisàn ni. Orímisàn ni èmi. Mo kọ́ iṣẹ́ àgbá nítorí ìbínú, mo ṣí ìsọ̀ síwájú ìsọ̀ Ẹ̀hìnlàńwò nítorí ìbínú, nígbà tó di ọdún kẹsàn-án ó kó ọjà rẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó sílé. Inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo rí i pé kò tíì sọ pé òun gbọ́ ìbéèrè mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, fèrè ìgbì ti fọn lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fọn lẹ́ẹ̀kejì, ó ku wákàtí méjì. Tó bá fọn lẹ́ẹ̀kẹta, kí oníkálukú di ohun tó bá rí mú.

"Bàbá Ọmọgbèmí, ẹ wá wo nǹkan," ni Mosúnmọ́lá ìyàwó mi wí.

Ó dúró ti ẹ̀rọ ìfúnpá wa. Ẹ̀rọ náà rí bí ìkòkò ràgàjì tó ní ìdérí. Inú omi rẹ̀ la máa ń ri àgbá bọ̀, yóò sì fún un lára bí ìgbì ṣe máa fún un. Abẹ́rẹ́ tó wà lójú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Èyí tí mo ń wò kò dúró. Ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé.

"Èwo nìyẹn?"

"Àwọn mẹ́rin tó dé láàárọ̀. Mo ti fi gbogbo wọn sí i, ìkan náà ni wọ́n ń ṣe. Wákàtí kan ni wọ́n á fi léfòó. Tó bá pẹ́ tán, wákàtí kan ààbọ̀." Ó fi aṣọ nu ọwọ́. "Ojú lásán ò lè rí ibi tó ti ń jò. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí wọn lára kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ tiwa."

Tiwa ni àgbá mẹ́rin tó wà nínú ilé, lẹ́yìn ibùsùn. A ti fi ẹ̀rọ fún wọn lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ kò mì. Abẹ́ ilé wa la fẹ́ kó wọn sí lọ́sàn-án náà, nítorí àwọn tó wà níbẹ̀ ti gbó ju ọmọ wa lọ.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àgbá àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni mo rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ọkùnrin arúgbó kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó ń tukọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kó tó sún mọ́ wa. Ẹni tí èèyàn bá bínú sí tipẹ́, a máa mọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ pàápàá.

Ẹ̀hìnlàńwò so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ìsọ̀ mi. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. Mosúnmọ́lá ló ń kí. Kò tíì kí mi láti ọjọ́ kóòtù.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìyá ńkọ́?"

"Ó wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí sínú, òun náà ló ń bá a mí síta." Èémí tirẹ̀ náà kò já geere. "Àgbá mẹ́ta ló bẹ́ lábẹ́ ilé wa láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ ibi tó sùn sí ti ń tẹ̀. Ìsọ̀ mọ́kànlá ni mo ti dé, gbogbo wọn ló ti tà tán."

"Ẹ ò lè gbé Ìyá lọ sí òkè ilé-ìwé?"

"Wọ́n kan ẹ̀rọ ọ̀hún mọ́ ilẹ̀ ilé. Dókítà ní tí a bá fi yọ ọ́, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan nípa ìyàwó Ẹ̀hìnlàńwò yẹn. Nígbà tí a rí òkú ìyá mi, ọkọ rẹ̀ kò wá. Òun wá. Ó jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó kó gbogbo abọ́ tí àwọn àlejò fi jẹun, ó fọ̀ wọ́n.

Ẹ̀hìnlàńwò rí àwọn àgbá tó wà nílẹ̀ níwájú mi. Ó kà wọ́n pẹ̀lú ìka.

"Mẹ́rin nìyẹn," ó ní, kò wojú mi.

Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì fa ilà kankan. Mo fi í sínú àpò ṣòkòtò mi.

"Mẹ́rin ni," mo ní.

Mosúnmọ́lá rí ọwọ́ mi nígbà tó wọ àpò. Kò sọ ju "Bàbá Ọmọgbèmí" lọ, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká lọ síwájú Etí," mo wí fún ọkùnrin náà.

A dúró sí i, èmi lápá ọ̀tún bí olùtà, òun lápá òsì. Iná pupa tàn. Ohùn obìnrin ni Etí fi ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí kò ní ìlú. Ó béèrè orúkọ wa, a dá a lóhùn. Ó béèrè ọjà, mo ní àgbá mẹ́rin. Ó wá ka Àwíjàre, n kò sì tíì gbádùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ì báà mọ̀ nípa rẹ̀, ì báà má mọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ṣé olùrà fara mọ́ ọn?"

N kò níí purọ́ fún ẹ. Mo rí gbogbo rẹ̀ lójú mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò sọ. Ilé rẹ̀ yóò rì ní wákàtí kan ààbọ̀, yóò pè mí lẹ́jọ́ tó bá yè é, wọn yóò sì fi ohùn rẹ̀ jẹ́rìí lòdì sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sí òfin kan ní gbogbo orí omi tó lè mú mi. Òfin tó gbà á ni yóò gbà mí.

Ẹ̀hìnlàńwò wo àgbá, ó wò mí, ètè rẹ̀ là, ó pa á dé.

"Mo ń dúró," ni Etí wí.

Ètè rẹ̀ tún là, ó tún pa á dé. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo ń wò. Ọkùnrin náà fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti béèrè é níwájú Etí. Ẹ̀rù wo? Ṣebí ohun tí Etí gbọ́ lòun náà gbọ́? Ẹni tí kò mọ̀ pé kòtò wà lójú ọ̀nà kì í fò ó. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wá ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì dúró sí apá òsì mi, ó ń fò kòtò.

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ojú Etí. "Orímisàn, bo nǹkan yìí ná."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọjọ́ kóòtù nìyẹn.

"Kí lẹ fẹ́ sọ tí kò gbọdọ̀ gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà méjì ni."

"Ẹ̀gbọ́n kan àti àbúrò kan ni wá lọ́jọ́sí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́."

Fèrè ìgbì fọn lẹ́ẹ̀kejì. Ó máa ń pẹ́ kó tó dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ó ti gbé ọwọ́ kúrò lójú Etí. Ó sọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta jáde láti inú ìrẹsì.

"Ṣé. Ṣé àgbá mẹ́rin yìí yóò gbé ilé mi títí ìgbì yóò fi kọjá?"

"Ìbéèrè ni," ni Etí wí. "Kì í ṣe dandan kí olùtà dáhùn. Mo ń dúró."

"Ẹ mọ̀ ọ́n béèrè gan-an," mo ní. "Ta ló kọ́ yín?"

Mosúnmọ́lá ló dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ.

"Ẹ dá Bàbá lóhùn."

"Ọ̀rọ̀ yìí ò kàn ẹ́."

"Òun ló kàn mí jù. Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi lẹ ti ń sọ ọ́ sí mi létí pé olùtà tó bá mọ̀, tó sì dákẹ́, apààyàn ni. Lórí oúnjẹ, lórí ibùsùn, lọ́jọ́ tí a sọmọ lórúkọ. Mo ti gbọ́ ọ ju orúkọ ara mi lọ. Ó ti wá yí padà lọ́sàn-án yìí? Ẹ sọ fún mi kí n mọ̀ pé ẹlòmíràn ni mo fẹ́."

Kì í ṣe pé inú mi rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò bẹ́ẹ̀. Mo ṣì fẹ́ kí Ẹ̀hìnlàńwò rì. Ìyàwó rẹ̀ ni n kò fẹ́ kó rì, n kò sì rí ọ̀nà tí mo fi lè ta àgbá fún ọ̀kan kí n má tà á fún èkejì.

"Wọn ò ní gbé e," mo ní. "Wákàtí kan ààbọ̀ ni. Gbogbo wọn ló ń jò."

"Olùtà ti jẹ́rìí lòdì sí ọjà rẹ̀," ni Etí wí. "Ọjà yìí ti tú ká." Iná kú.

Ẹ̀hìnlàńwò jókòó lórí okùn tí a ká sílẹ̀. Kò dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bú mi.

"O mọ̀," ó ní.

"Mo mọ̀."

"O sì fẹ́ tà á fún mi."

"Mo fẹ́ tà á fún yín."

Ó mi orí. Ó wo ọkọ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀nà ilé rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣírò ibi tó lè dé àti ohun tó lè ṣe níbẹ̀. Kò sí nǹkan tó lè ṣe níbẹ̀. Yóò kàn jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ni.

Mo wo Mosúnmọ́lá. Òun ti ń wò mí tẹ́lẹ̀. Àwa méjèèjì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ibùsùn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀.

"Ilé yín nìkan kọ́," ó ní. "Ilé tèmi náà ni. Inú rẹ̀ ni mo bí Ọmọgbèmí sí."

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo mọ ohun tí ẹ kò tíì sọ." Ó tú ọ̀já àyà iṣẹ́ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. "Àwa lè sá lọ sókè ilé-ìwé. Obìnrin yẹn ò lè sá. Ẹ kó wọn jáde kí n tó ronú sí i."

Òun àti èmi la yí àgbá mẹ́rin tiwa jáde. Ẹ̀hìnlàńwò dìde, ó wò wá, kò tètè yé e. Nígbà tó yé e, ó gbá àgbá àkọ́kọ́ mú pẹ̀lú wa, a sì gbé e sínú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó bi mí pé kí ni mo fẹ́.

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Ẹ wá síwájú Etí, kí wọ́n má mú yín fún olè lójú omi."

Iná pupa tún tàn. Orúkọ olùtà, orúkọ olùrà, àgbá mẹ́rin. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ Àwíjàre ni mo dá a dúró.

"Mi ò fẹ́ Àwíjàre nínú ọjà yìí."

Iná Etí ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Kí olùtà tún un sọ."

"Yọ Àwíjàre kúrò. Èmi Orímisàn ni mo fi ẹ̀rọ fún àgbá wọ̀nyí. Wọ́n á gbé ilé náà. Tí wọn ò bá gbé e, ọrùn mi ni kí ẹ̀bi wá."

Ẹ̀hìnlàńwò yíjú sí mi. Kò gbọdọ̀ rò pé oore ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan rí bó ṣe yẹ kí olùtà ṣe é, mo sì fẹ́ kí ẹni náà jẹ́ òun.

"Òfin gbà á láàyè, ní ẹsẹ kejìdínlógún," ni Etí wí. "Ṣùgbọ́n Àwíjàre kì í kúrò àfi tí olùrà bá sọ ìdí tí òun náà kò fi fẹ́ ẹ. Ìdí náà yóò wọ ìwé ìrántí, kò sì ní ṣeé parẹ́. Olùrà, kí ni ìdí?"

N kò mọ̀ pé ẹsẹ kankan wà bẹ́ẹ̀. N kò rí ẹni tó yọ Àwíjàre rí. Àkókò ń lọ, omi ti ń gbá ìdí ìsọ̀.

"Ẹ sọ pé ẹ̀rù ìgbì ń bà yín," mo ní. "Ó ti tó. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ, yóò gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Mosúnmọ́lá wí láti inú ọkọ̀, níbi tó ti ń so àgbá kẹta mọ́lẹ̀. "Ẹ tètè, Bàbá. Ìyá ń dúró."

Ẹ̀hìnlàńwò ṣí fìlà. Irun rẹ̀ ti tán lórí, n kò mọ̀. Ó sún mọ́ Etí títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Èmi Ẹ̀hìnlàńwò. Mi ò fẹ́ Àwíjàre nítorí pé mo mọ ohun tí mo fi ṣe."

"Mo ń gbọ́," ni Etí wí.

"Mo ta àgbá mẹ́fà fún ọmọkùnrin yìí, ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀kan ti là. Èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù dí i, èmi ni mo kùn ún lọ́dà láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ojú rẹ̀ lè bò." Ó nawọ́ sí mi. "Ó bi mí bóyá ó dáa. Ìbéèrè ni. Mo gbọ́ pé ìbéèrè ni, mo sì rí ojú rẹ̀. Mo rí iná tó yí, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ṣì í gbọ́, mo sì ní kí wọ́n gbé àgbá sínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n bi mí ní kóòtù, mo purọ́."

Mosúnmọ́lá ti dúró lójú kan nínú ọkọ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ń gbọ́," ni Etí tún wí.

"Tinúọlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó mọ ìkòkò. Èmi ni mo pa á. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."